Tí Àníyàn Bá Sọ Ayé Di Bí-Àlá-Bí-Àlá: Èwo Ni Kẹ́ẹ Mú, Èwo Ni Kẹ́ẹ Fi Sílẹ̀?

Ẹni tó bá ń ka èyí lọ́wọ́, tó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíì ni, tàbí tí ohùn ìyá ẹ̀ láti yàrá kejì ń dún létí ẹ̀ bíi pé inú rédíò ló ti ń wá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ eléyìí ná: èyí kì í ṣe wèrè. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé "ó dà bíi pé" ni. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín náà ni, pé ìyá yín náà ni, ó kàn jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú yín mọ́ ni. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ti yí ò ní máa sọ pé "ó dà bíi pé", ohun tó ń rí ti dá a lójú, kódà ó lè máa bá yín jà pé ẹ̀yin lẹ ò ríran. Ìyàtọ̀ yẹn ni dókítà máa ń kọ́kọ́ wá.

Tó bá jẹ́ pé ara ẹni ló dà bíi pé kì í ṣe tẹni mọ́, depersonalization ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ pé ayé tó yí wa ká ló dà bí fíìmù, tàbí bíi pé gíláàsì kan wà láàárín wa àtàwọn èèyàn, ìyẹn ni derealization. Àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀, ìdí nìyẹn tí DSM-5, ìwé táwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń mọ àìsàn, èyí tó jáde ní 2013, fi kó wọn sábẹ́ orúkọ kan. Bí-àlá-bí-àlá ni mo máa pe méjèèjì níbí. Inú ìwé yẹn náà ló ti wà lára àmì 13 tí wọ́n fi ń mọ ìpáyà òjijì, òun àti àyà tó ń lù kì-kì-kì, òógùn, ara gbígbọ̀n, àti ẹ̀rù pé èèyàn fẹ́ kú. Àìmọye èèyàn ló ti rí i rí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn àìsùn tàbí ìbẹ̀rù ńlá, tó lọ, tí wọn ò sì rántí ẹ̀ mọ́. Èyí tó bá jókòó ti èèyàn tó di àìsàn lórúkọ ara ẹ̀ ò ju bí ẹnì kan sí méjì nínú 100 lọ, ìgbà tí èèyàn wà ní bí ọmọ ọdún 16 ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tẹ́ẹ bá béèrè ohun tẹ́ẹ máa ṣe sí i lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún, ìmọ̀ràn mẹ́fà lẹ máa gbà. Ẹnì kan á ní kẹ́ẹ lọ ra Lexotan ní kẹ́míìsì, ẹnì kejì á ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kẹta á ní kẹ́ẹ máa mí, ọmọ tó wà ní Canada á fi fídíò ránṣẹ́. Mo fẹ́ gbé wọn síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbí, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni mo sì máa fi wọ̀n wọ́n: ṣé ọ̀nà yìí ń dá yín padà sẹ́nu iṣẹ́ àti ayé yín, àbí ńṣe ló ń kọ́ yín láti máa ṣọ́ orí ara yín?

Ìdí tí mo fi mú òṣùwọ̀n yẹn rèé. Tí ẹ̀rù bá ba ara, ara á múra ìjà tàbí eré sísá, ọkàn á sáré, mímí á yára, ojú á ranjú. Tí ẹ̀rù yẹn bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù, ọpọlọ á fa ìmọ̀lára sẹ́yìn kó má baà pọ̀ jù fún èèyàn, ohun kan náà tó ń ṣe fún ẹni tó bọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ tó wá ń sọ pé òun kàn ń wo gbogbo ẹ̀ láti òkèèrè ni. Mímí kíákíá náà ń dá kún un, torí ó ń lé carbon dioxide jáde lára ju bó ṣe yẹ lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á fún, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ á dín díẹ̀, orí á fúyẹ́, ìka á máa ṣe wínníwínní, ojú á rí bàìbàì. Kò pani. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe ò mọ̀ pé kò pani, ó wá ní "kí ló ń ṣe mí? ṣé bí wọ́n ṣe ń ya wèrè nìyí?", ẹ̀rù á lé kún ẹ̀rù, bí-àlá-bí-àlá á lé kún bí-àlá-bí-àlá. Elaine Hunter, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní London kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2003 pé àyípo yìí gan-an ló ń sọ ohun tí ì bá ti kọjá lọ di ohun tó ń gbé lára èèyàn. Ẹni tó bá ń yẹ ara ẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà bóyá ó ti lọ dà bí ẹni tó ń ṣí egbò wò ní wákàtí wákàtí bóyá ó ti jiná.

Ṣé àníyàn ni, àbí nǹkan míì?

Èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí ọ̀nà tó dáa fún àníyàn lè jẹ́ fífi àkókò ṣòfò fún nǹkan míì. Ti àníyàn sábà máa ń wá pẹ̀lú àyà jíjá, ìrònú tó ń sáré, àìsùn, ìdánwò, gbèsè, ìjà ilé, tàbí kó wá lẹ́yìn tí ìpáyà bá ti kọjá, èèyàn á sì mọ gbogbo ohun tó ń lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti wárápá tó ń ṣẹlẹ̀ ní apá kan ọpọlọ yàtọ̀: òjijì ló ń dé, bákan náà ló máa ń rí nígbà gbogbo, ìṣẹ́jú kan sí méjì, nígbà míì òórùn àjèjì kan á kọ́kọ́ wọ imú, tàbí kí nǹkan máa gòkè bọ̀ láti inú ikùn, lẹ́yìn ẹ̀ àwọn èèyàn á ní "a pè ẹ́, o ò dáhùn, o kàn ń ta ẹnu". Ìyẹn ọ̀rọ̀ dókítà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mímí.

Ibà líle tó ń mú èèyàn sọ ìsọkúsọ, orí tó gbá nǹkan, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ lójijì: ọsibítù lónìí, kì í ṣe lọ́la. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pé ọmọ 40 ọdún ló kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ sí yín láyé yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Igbó náà, pàápàá èyí tó le àtàwọn kolo, ìyẹn igbó oníkẹ́míkà, tí wọ́n ń pò kiri yìí, wà lára ohun tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó sì lè kù lára fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí igbó ti kúrò lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bọ̀ wálé láti London tàbí Houston, tí wọ́n bá fún yín ní mefloquine kí ibà má baà mú yín, ẹ ka ìwé inú ẹ̀ dáadáa, nítorí pé ní 2013 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára ẹ̀ nítorí ohun tó ń ṣe sí ọpọlọ àwọn kan. Oògùn ibà míì wà, ẹ béèrè.

Tó bá ti dé báyìí: mímí àbí kíka nǹkan?

Àwọn méjì yìí ni wọ́n pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì bára dọ́gba fún gbogbo èèyàn.

Mímí: ẹ fa èémí gba imú fún oókan dé eéjì dé ẹẹ́ta dé ẹẹ́rin, ẹ jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀ dé ẹẹ́fà, kí ikùn ló máa lọ sókè, kì í ṣe èjìká. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n ní kéèyàn "mí kanlẹ̀" ó wá ń gbé afẹ́fẹ́ mì gbì-gbì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lódò, ìyẹn ń ba nǹkan jẹ́ sí i ni, torí carbon dioxide tó yẹ kó dúró náà ló tún ń lé jáde. Kékeré, jẹ́jẹ́, kí jíjáde gùn ju wíwọlé lọ. Ẹ má sì fi ọ̀rá tàbí báàgì pépà bo ẹnu bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fíìmù, torí tó bá jẹ́ ikọ́ fée tàbí ọkàn ló ń ṣe yín gan-an, ìyẹn lè ṣe yín léṣe.

Ẹni tí mímí bá jẹ́ oògùn ẹ̀ ni ẹni tí tiẹ̀ ń wá pẹ̀lú èémí kíákíá, ìka tó ń ṣe wínníwínní àti òòyì. Ẹni tí kò bá a mu ni ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti kọjú sí inú ara ẹ̀ báyìí, ara náà á túbọ̀ dàjèjì sí i. Irú wọn wà, kò sì túmọ̀ sí pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan tí wọ́n bá jókòó pẹ́ sí meditation, ojú dídì àti ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń gbé wọn lọ.

Kíka nǹkan: èyí tí wọ́n ń pè ní 5-4-3-2-1. Nǹkan márùn-ún tẹ́ ẹ rí, mẹ́rin tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, mẹ́ta tẹ́ ẹ gbọ́, méjì tẹ́ ẹ gbóòórùn, ẹyọ kan tẹ́ ẹ tọ́ wò. Nínú dánfó ní Ọ̀ṣòdì, kò sí ohun tó pọ̀ tó èyí: nọ́ńbà ọkọ̀ iwájú, àwọ̀ fìlà ẹni tó jókòó níwájú yín, irin àga lábẹ́ ọwọ́, ariwo agbèrò, èéfín ọkọ̀, gúgúrú tí wọ́n ń tà. Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Ó ń kọjú yín síta, ìyẹn ló fi dáa ju mímí lọ fún ẹni tí inú orí ẹ̀ ti kún jù.

Àbùkù tiẹ̀ wà o. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ di ìdánwò. Wọ́n á kà á tán, wọ́n á wò ó bóyá ó ti lọ, kò lọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí tí kíkà náà á fi di ẹ̀rù tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ẹ kà á, bó lọ bí kò lọ, kẹ́ẹ padà sí ohun tẹ́ ẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Tẹ́ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan, mi ò ní mú èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣáájú iṣẹ́ tí ọwọ́ àti ojú jọ ń ṣe. Ẹ̀wà ṣíṣà, irun dídì, ṣẹ́ńjì kíkà, aṣọ fífọ̀, kí èèyàn rìn dé ìsàlẹ̀ àdúgbò kó sì kí èèyàn tó bá pàdé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ò ní orúkọ oyinbo, kò sẹ́ni tó ń ta fídíò wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ìyókù ayé kún ojú èèyàn láìjẹ́ pé ó ń béèrè lọ́wọ́ ara ẹ̀ bóyá ó ti yá.

Omi tútù, ọsàn wẹ́wẹ́, obì

Kíá ni mo máa kọjá níbí. Omi tútù lójú máa ń mú kí ọkàn tó ń sáré rọlẹ̀ díẹ̀, ara èèyàn ló dá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àrùn ọkàn kó má ri ojú bọ omi yìnyín o, kó kàn di píọ̀ wọ́tà tó ti dì mú lọ́wọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ata díẹ̀ lórí ahọ́n náà máa ń ta èèyàn jí. Ọ̀pọ̀ á sáré mú obì, ẹ má mú un. Kaféènì wà nínú obì, ì báà jẹ́ gbànja ì báà jẹ́ àbàtà, ó sì wà nínú kọfí àti nínú àwọn ohun mímu alágolo tí wọ́n fi ń mú ojú là mọ́jú. Kaféènì máa ń mú àyà já, fún ẹni tí àyà ẹ̀ ń já tẹ́lẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń bá wí jù. Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń bá wọn jà nílẹ̀ wa: ní 1960 ni Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, kọ̀wé nípa ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ń pè ní brain fag, orí tó ń gbóná, ojú tó ń rí bàìbàì, ìwé tí wọ́n ń kà tí kò wọlé. Kì í ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tí mò ń sọ, àmọ́ wọ́n ń gbé ní àdúgbò kan náà: àníyàn, àìsùn, ìwé àkàmọ́jú. Ẹni tó ti ń fi obì àti kọfí kàwé mọ́jú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó tó ná owó lórí ohunkóhun, kó kọ́kọ́ sùn fún òru bíi mélòó kan ná.

Kí èèyàn máa yẹ̀ ẹ́ wò, àbí kó fi sílẹ̀

Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò: ó ń wo dígí láti mọ̀ bóyá ojú òun ṣì ni, ó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ pé "ṣé mo ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa?", ó ń dán ọpọlọ wò bóyá ó ṣì rántí orúkọ tíṣà pámárì, ó ń gbé fóònù ní aago méjì òru ó ń bi Google bóyá ó lè má lọ mọ́ láé, ó sì máa rí ẹnì kan tó ní ó ti wà lára òun láti 1998, ó parí. Gbogbo ẹ̀ ń fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tó fi sílẹ̀: tó bá dé, ó ní "ó tún dé, àníyàn ni, kò pani", ó sì ń bá ọbẹ̀ tó ń sè lọ. Kò dùn mọ́ ọn, kò sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, ó kàn kọ̀ láti bá a jà ni.

Èkíní dà bíi pé ó ń ṣe nǹkan, èkejì dà bíi pé kò ṣe nǹkankan, èkejì ló sì ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tó bá pẹ́. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ. Ẹni tí kò bá lè dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀ lè máa sún un síwájú, tó bá fẹ́ wo dígí, kó ní ó di ìdajì wákàtí sí i, tó bá fẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó di ọ̀la lọ́sàn-án. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdajì wákàtí yẹn á pé tán, èèyàn á ti gbàgbé.

Bákan náà ni kí èèyàn máa sá fún ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti dé lọ́jọ́sí, kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ọjà ló kàn, lẹ́yìn náà ọkọ̀, ilé nìkan ló wá kù, inú ilé náà wá ń dà bí àlá. Ẹ máa lọ. Ẹ lè dúró sẹ́yìn nítòsí ilẹ̀kùn, ẹ lè tètè jáde, ṣùgbọ́n ẹ lọ. Ẹni kan ṣoṣo tí mo máa sọ fún pé kó dúró ná ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà: tó bá gbé e lójú títì, kó yà sẹ́bàá ọ̀nà títí ojú á fi wálẹ̀.

Lexotan àbí sertraline

Mo ya èyí sọ́tọ̀ torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èèyàn ń kó sí yọ́ọ́yọ́ jù. Lexotan, ìyẹn bromazepam, àti Valium, ìyẹn diazepam, irú kan náà ni wọ́n. Láàárín wákàtí kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ara á rọ̀, èèyàn á sùn. Ìdí tí gbogbo èèyàn fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, ìdí náà sì ni ẹ̀gbọ́n àdúgbò fi máa ń bù ú fún èèyàn bíi súìtì. Àmọ́ tí èèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ara á ti mọ̀ ọ́n lára, eyọ kan ò ní tó mọ́, tó bá sì dá a dúró lójijì, lára ohun tó máa bá a ni àyà jíjá, àìsùn, gìrì nígbà míì, àti bí-àlá-bí-àlá yìí gan-an. Ohun tẹ́ ẹ lò ó fún ló tún máa gbé padà wá bá yín. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ìtọ́jú fi ní kó má ju bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lọ. Pẹ̀lú ọtí tàbí tramadol, ó lè dá èémí dúró.

Sertraline, escitalopram, fluoxetine, ìdílé oògùn míì ni àwọn yìí, èyí tí dókítà ń kọ fún àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì. Wọn ò ṣe nǹkankan lọ́jọ́ kìíní. Kódà ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì wọ́n lè mú àyà já sí i, inú lè máa ru, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù tí wọ́n á ní oògùn náà burú. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó hàn. Kì í di bárakú bíi Lexotan, ṣùgbọ́n a kì í dá a dúró lójijì náà, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà á fi dín in kù. Àwọn tí ò tíì pé 25 ọdún gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ wọn ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí ó lè mú ìrònú pé kí wọ́n pa ara wọn wá fún àwọn kan.

Kẹ́ẹ sì mọ èyí kẹ́ẹ tó náwó: títí di báyìí FDA ò tíì fọwọ́ sí oògùn kankan fún bí-àlá-bí-àlá fúnra ẹ̀. Wọ́n dán lamotrigine wò ní 2003, wọ́n dán fluoxetine wò ní 2004, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ ju hóró òfìfo tí kò sí oògùn nínú ẹ̀, tí wọ́n fi wé e, lọ. Àníyàn tó wà nídìí ẹ̀ ni sertraline ń tọ́jú. Nítorí náà, ẹni tí àníyàn ẹ̀ pọ̀, tí kò lè jẹ, tí kò lè sùn, tí ìpáyà ń gbé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó yẹ kó bá dókítà sọ ọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ọkàn ẹ̀ balẹ̀ nínú ohun gbogbo, tí bí-àlá-bí-àlá nìkan ló kù, oògùn lè má fún un ní ohun tó ń wá. Propranolol ń kọ́, tí àwọn kan máa ń lò kí wọ́n tó gun orí ìtàgé? Ó ń dá ọkàn tó ń sáré àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró, kò kan ohun tó kù, ẹni tó ní ikọ́ fée ò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Ní tèmi, tó bá jẹ́ láàárín méjèèjì, sertraline lọ́wọ́ dókítà. Kẹ́ẹ má gba Lexotan lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà, bó ti wù kẹ́ni náà fẹ́ràn yín tó.

Therapist, dókítà ọpọlọ, ilé àdúrà

Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n ń pè ní CBT ni mo fi sípò kìíní fún èyí tó ti pẹ́ lára. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀: wọ́n á bá yín tú ìrònú "mo ti ń ya wèrè" palẹ̀, wọ́n á bá yín dín yíyẹ-ara-ẹni-wò kù, wọ́n á mú yín padà síbi tẹ́ ẹ̀ ń sá fún. Ní 2005 Hunter àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé e fún èèyàn 21 ní London, ọ̀pọ̀ nǹkan sì dáa sí i fún wọn. Kò sí àwọn mìíràn tí wọ́n fi wé wọn, nítorí náà mi ò ní pariwo lé e lórí, àmọ́ òun ló tọ́ka sí ibi tí wàhálà náà wà gan-an. Ẹ wá ẹni tó máa jẹ́ kẹ́ẹ sọ̀rọ̀ ní èdè tí ọkàn yín fi ń ronú. Kí èèyàn máa wá gírámà kiri nígbà tí ara ẹ̀ dà bíi pé kò sí nílé, ìyà méjì ni.

Dókítà ọpọlọ ni tẹ́ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan wo gbogbo ẹ̀ pọ̀, kó sì lè kọ oògùn. Mo mọ̀ pé ìtìjú ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró, "kí wọ́n má rí mi ní Yaba". Ilé ìwòsàn Yaba ti wà láti 1907, Aro ní Abẹ́òkúta náà ti di ìlú mọ̀ọ́ká láti 1954, nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo ní kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú abúlé láàárín àwọn ará ìlú dípò kí wọ́n máa tì wọ́n mọ́lé. Ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ń lọ lówùúrọ̀, wọ́n ń padà sílé lọ́sàn-án. UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní ẹ̀ka tiwọn nínú ọsibítù gbogbogbòò, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tẹ́ ẹ bá lọ nínú ẹ̀. Òfin pàápàá ti yí padà: ní January 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin Lunacy ọdún 1958. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, ẹ ò nílò kí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, rán yín, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra yín ní NHS Talking Therapies, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ lè dúró díẹ̀ lórí ìlà.

Ó wá ku àdúrà. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má gbàdúrà, ẹni tí àdúrà bá ń fọkàn ẹ̀ balẹ̀ ti rí oògùn kan tí kò gbowó. Ṣùgbọ́n ẹ fi àdúrà ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ẹ tó sùn wé ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ìṣọ́ òru: èkejì yẹn jẹ́ àìsùn àti ebi, àìsùn àti ebi sì wà lára ohun tó ń gbé èyí wá. Ẹ̀rù tún máa ń lé kún un níbẹ̀, torí wọ́n á ti sọ fún èèyàn pé ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń pe ẹ̀mí ẹ̀. Ẹ jẹun, ẹ sùn, ẹ gbàdúrà. Ilé yòówù tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ de èèyàn mọ́lẹ̀ kó lè yá, ṣọ́ọ̀ṣì ni o, mọ́sáláásí ni o, ilé oníṣègùn ni o, ẹ gbé èèyàn yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn, kọ̀wé nípa irú ẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2019, kì í ṣe ìtàn àtẹnudẹ́nu.

Àgbo asofẹ́yẹjẹ náà, tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú ẹni tí orí ẹ̀ dàrú, oògùn gidi ni lóòótọ́, reserpine wà nínú ẹ̀. Ìdí gan-an tí mo fi ní kẹ́ẹ má mu ún fún èyí nìyẹn: ó ń já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń mú oorun wá, ó sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, kò sì sí ẹni tó ń wọn ìwọ̀n tó wà nínú ìgò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ń ṣe

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà tẹ́ ẹ lè sọ. "Ṣé ó ti lọ?" ní gbogbo wákàtí, ìyẹn ń kọ́ ọ láti máa yẹ̀ ẹ́ wò. "Wá bá mi gbé nǹkan yìí" tàbí "jẹ́ ká jọ dé ọjà", ìyẹn ń mú un jáde. Ẹ má sọ pé "ìrònú lásán ni", kì í ṣe lásán, ẹ má sì máa pe gbogbo mọ̀lẹ́bí sí i lórí WhatsApp. Tó bá sọ pé ó wu òun kóun kú, tàbí tó ti ń fún èèyàn ní ẹrù ẹ̀, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ rárá, ẹ kó oògùn àti oògùn apakòkòrò kúrò ní arọ́wọ́tó ẹ̀, kẹ́ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù tó bá súnmọ́ yín jù, kódà tó bá ń ní kẹ́ẹ má lọ. Tí kò bá tíì dé ibẹ̀, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Tí kò bá fẹ́, ẹ ṣáà rí i pé ó jẹun alẹ́ kó sì gbé fóònù sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú jù.